Lẹ́tà sí Adúnní: ohun tí ojú mi rí ní àgọ́ ọlọ́pàá

Àbújá,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Adúnní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara wa le níbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo yàn láti kọ̀wé nítorí pé ẹkún kì í jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà tán lórí fóònù.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kanlẹ̀kùn. Ó pọn ọmọ, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há débi pé mo ní láti gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ló fún un lọ́rùn. Bàbá Tóbi fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọlọ́pàá tó jókòó sídìí káńtà. Ó wo obìnrin náà látòkè délẹ̀, ó ní, “Ibo lẹ ti fara pa? Mi ò rí ẹ̀jẹ̀.” Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ni, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí á lọ pe àwọn àgbà ẹbí. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn sí wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, kò sì kọ ohunkóhun sí i.

Bírò tó gbé sílẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 láti fòpin sí ìwà ipá múlẹ̀ ní Àbújá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀ (Èkìtì ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2011). Òfin náà pa á láṣẹ pé kí ọlọ́pàá ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sùn sùn, kí ó ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn tàbí ibi ààbò, kí ó sì bá a padà lọ sílé láti kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́pàá náà ní àwọn obìnrin máa ń padà wá bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ kejì pé kí àwọn tú ọkọ wọn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì máa ń sú àwọn ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lọ́la, ohun tí a kọ sílẹ̀ lónìí yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ọlọ́pàá tí yóò gba ẹ̀sùn rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí a kò bá kọ ọ́, gbogbo ìlùkulù a máa dà bí ìgbà àkọ́kọ́.

Mo rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí, pé lọ́dọ̀ yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́pàá a máa ka ìbéèrè tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé fún ẹni tó ké sí wọn, pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ni bóyá ọkùnrin náà ti fún un lọ́rùn rí, àti pé òfin 2021 sọ fífún ènìyàn lọ́rùn di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ni ìdí rẹ̀ yé mi. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè má ní àpá kankan lára, kó sì jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ló fẹ́ bọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀wé fún wa. A mú ìwé náà padà lọ sí àgọ́ kan náà pẹ̀lú agbẹjọ́rò kan. Ọlọ́pàábìnrin ni a bá lọ́tẹ̀ yìí. Ó fún obìnrin náà ní àga àti omi, ó tẹ́tí sí ohùn tó há náà láìkánjú, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, nítorí pé ìwé ẹ̀sùn kan náà ni, orí tábìlì kan náà ló sì wà.

Jọ̀wọ́, bí o bá rí àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́pàábìnrin náà ní òun fẹ́ rí wọn. Pálọ̀ wa ni obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ ń sùn báyìí, ohùn rẹ̀ kò sì tíì já gaara.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.