Tẹlifíṣọ̀n ló jẹ̀bi, kì í ṣe géèmù

Sí Olóòtú,

Àwọn ọ̀dọ́ Kubwa tó ń gbá Celeste, géèmù ọdún 2018, ń ráhùn pé kì í tètè gbọ́ràn bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì. Àbùkù géèmù náà kọ́! Kódà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀dá inú géèmù bá yẹ̀ létí pèpéle, géèmù náà ṣì ń fúnni láyè díẹ̀ láti fò. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde. Ìyẹn ló ń fa ìdádúró. Ẹ tan Game Mode (ètò orí tẹlifíṣọ̀n tó ń dín àtúnṣe àwòrán yìí kù), kí ẹ sì fi wáyà so páàdì.

Ní ti géèmù Shovel Knight ti 2014, ẹ má fọ́ àmì ibùdó (ibi tí ẹ ó ti tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá kú) nítorí owó inú rẹ̀ (ojúkòkòrò ni!) àyàfi tí ẹ bá mọ ọ̀nà iwájú dunjú. Bí ẹ bá fọ́ ọ tí ẹ sì kú, ibùdó tí ẹ ti kọjá tẹ́lẹ̀ lẹ máa padà sí.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja