Àṣà ló gbé ìjọba tiwantiwa Amẹ́ríkà ró ju ìwé òfin lọ

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìjọba tiwantiwa Amẹ́ríkà, níbi tí òǹkọ̀wé ti sọ pé ìwé òfin tí wọ́n kọ ní 1787 ló mú kí ìjọba náà dúró títí di òní. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n àṣà tí àwọn olóṣèlú ń tẹ̀ lé láìsí òfin tó fi dandan lé e ni kò jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ wo iye ìgbà tí ààrẹ lè ṣèjọba. Ìwé òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. George Washington ló fúnra rẹ̀ kúrò lórí àléfà ní 1797 lẹ́yìn sáà méjì, kò sì sí ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta títí Franklin Roosevelt fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1940, tó tún wọlé ní 1944. Ìgbà tí àṣà já ni wọ́n tó sọ ọ́ di òfin, ní 1951.

Èrò James Madison, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ìwé òfin náà kalẹ̀, ni pé kí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan máa jowú agbára tirẹ̀, kí àwọn aṣòfin máa ṣọ́ ààrẹ, kí ààrẹ náà sì máa ṣọ́ wọn. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ètò náà kò pèsè sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú yóò lágbára débi pé aṣòfin yóò máa gbèjà ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ilé tó ń jókòó nínú rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì 2021, Sẹ́nétọ̀ 57 nínú 100 ló dìbò pé Donald Trump jẹ̀bi nínú ẹjọ́ ìyọnípò tí wọ́n ṣe fún un lórí ìkọlù sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin; méje péré nínú wọn ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni 67 ni òfin béèrè. (Lóòótọ́, àwọn kan nínú àwọn tó dá a láre wí pé ó ti kúrò nípò nígbà náà, kò tún yẹ kí wọ́n máa ṣẹjọ́ rẹ̀.)

Ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tilẹ̀ fojú hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Adájọ́ Antonin Scalia kú ní oṣù Kejì 2016, Ààrẹ Obama yan Merrick Garland rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Mitch McConnell, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò tó ń darí Ilé Aṣòfin Àgbà nígbà náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin náà lẹ́nu wò, ó ní kí wọ́n dúró de ìdìbò oṣù Kọkànlá. Ní 2020, nígbà tí Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kú, McConnell kan náà ló darí ilé tó fọwọ́ sí Amy Coney Barrett, ẹni tí Trump, ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, yàn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí ìdìbò wáyé. Kò sí èyí tó lòdì sí òfin nínú méjèèjì, ohun tó sì yẹ kó kọ òǹkọ̀wé yín lóminú nìyẹn.

Bákan náà ni ti ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ní 2000, Al Gore ní ìbò tó lé ní 500,000 ju ti George W. Bush lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ nígbà tí adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ láti dá àtúnkà ìbò Florida, ìpínlẹ̀ tó máa pinnu ẹni tó wọlé, dúró, ó gba kámú lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ìdájọ́ náà ṣùgbọ́n òun gbà á. Kò sí òfin tó fipá mú un. Ní 2020, Trump tó fìdí rẹmi kọ̀ láti gbà, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní 2021. Ní Georgia, tí ìyàtọ̀ ìbò ti jẹ́ 11,779, Brad Raffensperger, ọmọ ẹgbẹ́ ààrẹ fúnra rẹ̀ tó ń bójú tó ètò ìdìbò, ni ààrẹ ní kó wá ìbò 11,780 fún òun, ó sì kọ̀.

Ní 2022, àwọn aṣòfin tún òfin kíka ìbò tí wọ́n ṣe ní 1887 ṣe, kó lè hàn kedere pé igbákejì ààrẹ kò lágbára láti kọ ìbò ìpínlẹ̀ kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa adíje tó bá kọ̀ láti gbà pé òun fìdí rẹmi, n kò sì rí bí òfin kankan ṣe lè sọ ọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.