Ẹ kọ iye owó sára ògiri kí ẹ tó lọ pe àwọn ará Japan

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí bí mi nínú gidigidi. Ó ní àwọn aláṣẹ ń múra láti lọ sí Tokyo kí wọ́n lè pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ará Japan wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni yóò gbà wọ́n lálejò nígbà tí wọ́n bá dé? Mo ń rẹ aṣọ láró, mo sì ń ta àdìrẹ, mo mọ ohun tí ojú àlejò ń rí ní àwọn ibi ìgbafẹ́ wa.

Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya ará Japan kan tí wọ́n ń gbé ní Èkó wá sí ọ̀kan nínú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì gba owó lọ́wọ́ wọn láìfún wọn ní rìsíìtì. Ẹlòmíràn tún gba owó nítorí kámẹ́rà tó wà lọ́rùn ọkọ. Ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́ tẹ̀ lé wọn kiri, ó sì ní kí wọ́n san owó amọ̀nà. Iye owó wọ̀nyí kò sí lára ògiri, kò sì sí nínú ìwé kankan. Ohun tó bá wá sẹ́nu ẹni tó ń gbà á ni àlejò ń san. Nígbà tí ìyàwó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n tẹríba, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì wọkọ̀ wọn lọ. Kí ìtẹríba yẹn má tàn wá jẹ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pariwo bí nǹkan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọn kò ní padà wá mọ́. Ní ìlú wọn, iye tí a kọ sára ọjà ni oníbàárà ń san, wọn kì í sì í fi owó lé e fún òṣìṣẹ́.

Ó dùn mí nítorí pé àwọn ènìyàn yìí ń rìnrìn-àjò. Ó lé ní mílíọ̀nù 20 nínú wọn tó jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 2019. Lọ́dún 2024, lẹ́yìn àrùn Kòrónà, tí iye yen, owó ilẹ̀ Japan, sì ti rẹlẹ̀, iye náà ṣì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 13. Hawaii, àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, nìkan gba ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ lọ́dún 2019, kì í sì í ṣe òkun nìkan ló fà wọ́n lọ síbẹ̀: ní Waikiki, àdúgbò etíkun kan níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè wọn, wọ́n sì kọ èdè náà sára pátákó. Níbí, èdè tiwa gan-an, a kò fi kọ iye owó fún ẹnikẹ́ni.

Àbá tí mo ní rèé. Àwọn ará Japan mọ aró. Ní Tokushima, wọ́n ń kó ewé aró jọ títí yóò fi jẹrà, wọ́n á sì fi omi eérú igi pò ó, bí àwọn ìyá wa ti ń gún ewé ẹ̀lú tí wọ́n sì ń fi omi eérú rẹ ẹ́. Ní Arimatsu, ní ìlú Nagoya, wọ́n ń fi okùn di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ìko di àdìrẹ oníko. Ẹ jẹ́ kí a ṣí agbo aró fún wọn ní Òṣogbo àti Abẹ́òkúta. Aró gidi ń gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó ṣeé lò, nítorí náà kí ìkòkò ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé. Òun fúnra rẹ̀ yóò di aṣọ, yóò rì í sínú aró, yóò sì rí i bí àwọ̀ ewé ti ń di búlúù bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Kí aṣọ náà kéré bí aṣọ ìnujú, kí a fi ìwé dì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ aláró tó kọ́ àlejò náà sì wà lára rẹ̀, nítorí pé ará Japan tó bá ti ìrìn-àjò dé máa ń mú ẹ̀bùn kékeré bọ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Odindi ìró kò ní rọrùn fún un láti gbé, ṣùgbọ́n aṣọ ìnujú mẹ́wàá yóò wọ àpò rẹ̀. Kí ó má sì jẹ́ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri lórúkọ àdìrẹ. Kí iye owó iṣẹ́ náà wà lára ògiri, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún òyìnbó, fún ará Japan àti fún ọmọ Yorùbá.

Igbó Ọ̀ṣun ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, àwọn ará Japan sì fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀ débi pé ìdánwò wà lórí rẹ̀ ní ìlú wọn. Oṣù kẹjọ tí a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ni Obon, ìsinmi ìrántí àwọn baba ńlá tiwọn náà, máa ń bọ́ sí. Kí a kéde ọjọ́ ọdún ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, nítorí pé ìsinmi wọn kì í gùn.

Ààbò ojú ọ̀nà ló kù, èyí kò sì sí lọ́wọ́ aláró. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Japan ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nípa Nàìjíríà ní agbègbè-agbègbè, wọ́n sì ń kà á kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn aláṣẹ sọ fún wa, kí oṣù kẹjọ tó dé, ètò ààbò tí wọ́n ní fún ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aláró kan, Òṣogbo