Kí o tó nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, 2025

Akin ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù níbẹ̀ o, ìwọ, ìyá Ìbùkún àti Ìbùkún fúnra rẹ̀. Ara wa le níhìn-ín. Iná náà ń gbìyànjú lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ni mo fi ráyè jókòó kọ̀wé gígùn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní láptọ́ọ̀pù rẹ kò gba Windows 11, o ti ń wo tuntun lọ́jà, o sì fẹ́ mọ bí wàá ṣe kó géèmù àti fáìlì rẹ kúrò nínú ti àtijọ́ tí nǹkan kan kò ní já bọ́ lọ́nà. Bí mo bá ní kí n fi ohùn dá ọ lóhùn, kò ní tó. Ìwé ló yẹ ẹ́, kí o lè gbé e síwájú nígbà tí o bá ń ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, má kánjú. Òótọ́ ni pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún yìí ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ kò kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Wọ inú Settings, lọ sí Windows Update, ibẹ̀ ni wàá ti rí i. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n kọ tìrẹ ni pé prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, Intel ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀. Ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, ó sì tún ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gba ẹ̀yìn wọlé. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kì í ṣe é sórí ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń jẹun, torí Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ra tuntun tí o fẹ́ rà, kí o sì fara balẹ̀ kó ẹrù rẹ.

Akin, ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù lọ rèé: géèmù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹrù rẹ. Géèmù wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ, o lè tún un gbà nígbàkigbà. Ibi tí o bá a dé ló jẹ́ tìrẹ, ìyẹn àwọn fáìlì kékeré tí kò sí níbòmíràn láyé yìí àfi lórí hard drive yẹn. Èyí tó tóbi ni gbogbo ènìyàn ń ṣe wàhálà lé lórí, èyí tó kéré ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń darí kíláàbù kékeré kan nínú géèmù Football Manager, láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí tó fi gbé wọn dé Premier League. Ó mọ àwọn ọmọ tó tọ́ dàgbà nínú ẹgbẹ́ náà bí ẹni mọ àbúrò rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gbé ẹ̀rọ náà fún ẹnìkan tó bá a fi Windows tuntun sí i. Onítọ̀hún kó fódà géèmù náà sórí external drive dáadáa, ó fọ́máàtì C, ìyẹn ó nu drive tí Windows wà lórí rẹ̀ pátá, ó sì dá fódà náà padà. Géèmù ṣí, orin rẹ̀ dún, ó wá ń bi í pé ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀. Inú Documents ni gbogbo ohun tó ti ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò sì wo ibẹ̀. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. SSD, ìyẹn drive ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló wà nínú ẹ̀rọ náà, bí o bá sì ti pa nǹkan rẹ́ lórí SSD, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbá ojú ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ. N kò rí nǹkan kan fún un. Ó jókòó síwájú mi, kò lè sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Nítorí náà, wo Documents ṣáájú ohun gbogbo. Football Manager 2024 ń kó tirẹ̀ sínú Sports Interactive, nínú Football Manager 2024, nínú fódà tó ń jẹ́ games. GTA San Andreas tí a jọ ń gbá mọ́jú ní họ́sítẹ̀lì náà wà níbẹ̀, nínú GTA San Andreas User Files. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GTASAsf ni kí o wá, láti 1 dé 8, torí ààyè mẹ́jọ péré ni géèmù náà fún èèyàn láti fi tọ́jú ibi tó dé. Fódà mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Saved Games, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Documents. Wo òun náà.

Àwọn tó sá pamọ́ ló le. Windows ní fódà kan tó ń jẹ́ AppData tí kì í fi han ojú. Tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kọ %appdata%, kí o tẹ Enter. Inú Roaming ló máa gbé ọ dé. Padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, wàá rí Local, LocalLow àti Roaming tí wọ́n tò síbẹ̀. Unity àti Unreal ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ géèmù. Géèmù tí wọ́n fi Unity ṣe fẹ́ràn LocalLow, èyí tí wọ́n fi Unreal ṣe sábà máa ń wà ní Local, nínú fódà tó ń jẹ́ Saved. Èyí tí o kò bá rí, wá orúkọ rẹ̀ lórí PCGamingWiki, wọ́n máa ń kọ ibi tí géèmù kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú nǹkan sí.

Inú Roaming yìí ni ìlú tí Ìbùkún kọ́ nínú Minecraft wà, ìlú tó gbé fóònù rìn káàkiri ojú rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ìbí rẹ̀: afárá pupa lórí omi, ọjà tó to àwọn ìsọ̀ sí ní ìlà méjì, àti ilé tó ní ti Màmá Àgbà ni, tó fi àtẹ̀gùn sí níta kí Màmá má baà gba inú òkùnkùn kọjá. Minecraft pín sí Java Edition àti Bedrock. Bó bá jẹ́ Java Edition ló ń lò, ṣí fódà .minecraft, lẹ́yìn náà saves. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀. Gbé fódà náà lódindi, má ṣe mú level.dat nìkan, torí inú region ni afárá àti ilé yẹn wà gan-an. Bó bá jẹ́ Bedrock ni, ṣí géèmù náà, tẹ pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìlú náà, kí o wá Export World. Fáìlì kan ṣoṣo tó parí sí .mcworld ló máa fún ọ. Jọ̀wọ́, ti Ìbùkún ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Àgbà lè tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ́lé tí wọ́n wá bá a wó o kì í gbàgbé.

Má gbẹ́kẹ̀ lé Steam Cloud fún gbogbo rẹ̀ o, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Steam, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra géèmù. Ó ń tọ́jú ti àwọn géèmù kan, kò tọ́jú ti gbogbo wọn.

Nǹkan kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lórí Windows 11. Bí o bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun, OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gba Documents rẹ sínú ara rẹ̀. Wàá kó fáìlì sí Documents tó wà tààrà lábẹ́ orúkọ rẹ nínú C, géèmù á sì máa wo Documents tó wà nínú OneDrive, á ní òun kò rí nǹkan kan. Fáìlì rẹ kò sọnù, ilé tó wà kọ́ ni wọ́n ń kàn. Yàtọ̀ síyẹn, 5 GB péré ni OneDrive ọ̀fẹ́. Ó máa kún lójú ẹsẹ̀. Èmi a máa pa ìtọ́jú Documents yẹn nínú ètò OneDrive kí n tó da nǹkan kan sínú ẹ̀rọ.

Ní ti géèmù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà tèmi àti tìrẹ ti yà. Ní Leeds, wàá tẹ Install, wàá lọ sùn. Níhìn-ín, Red Dead Redemption 2 ń béèrè ààyè 150 GB, ẹni tó bá sì fẹ́ fi dátà fóònù dáúnlóòdù rẹ̀ á kọ́kọ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, gbígbé la máa ń gbé e. Ó wúlò fún ọ láti mọ̀ ọ́n bákan náà, torí kò ní kó wàhálà bá ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Fi Steam sórí ẹ̀rọ tuntun, wọlé, tì í pa. Wá fódà steamapps lórí ti àtijọ́, kó o lódindi, fódà common àti àwọn fáìlì kéékèèké tó parí sí .acf tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì dà wọ́n sí ipò kan náà lórí tuntun. Bí o bá tún ṣí Steam, yóò dá wọn mọ̀. Èyí tí kò bá dá mọ̀, tẹ Install lé e lórí, yóò yẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò, ìwọ̀nba tó kù nìkan ló máa dáúnlóòdù. Láti 2023 ni Steam tún ti jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà gba géèmù lọ́wọ́ ara wọn. Wáyà ni mo fi máa ń so wọ́n pọ̀ sára ráútà ní ṣọ́ọ̀bù, ó yá ju Wi-Fi lọ púpọ̀, kò sì jẹ dátà géèmù náà.

Èyí tí o fi sí i láti inú CD yàtọ̀. Kò sí ohun tí kíkó fódà rẹ̀ kúrò nínú Program Files máa ṣe fún ọ, torí ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ káàkiri inú Windows nígbà tí o fi sí i. Ó tún kù síbì kan: àwọn CD àtijọ́ tí wọ́n fi ètò SafeDisc dáàbò bò kí wọ́n má baà ṣe àdàkọ wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ láti Windows 10, Microsoft yọ ohun tó ń gbé e ró nítorí ewu ààbò. Ra irú wọn lórí GOG, ṣọ́ọ̀bù géèmù mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí lórí Steam bí wọ́n bá ń tà á. Ti ayé DOS, ìyẹn ayé ṣáájú Windows, rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ètò kan tó ń jẹ́ DOSBox á gbé wọn.

Nígbà tí o bá ń ra external drive, wo bí wọ́n ṣe fọ́máàtì rẹ̀. FAT32, ọ̀nà ìfọ́máàtì àtijọ́ kan, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4 GB, fáìlì géèmù sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ ọ́ di exFAT tàbí NTFS kí o tó kó nǹkan kan sínú rẹ̀, torí fọ́máàtì á pa ohun tó bá bá níbẹ̀ rẹ́. Copy ni kí o sì máa ṣe, má ṣe Cut. Bí iná bá lọ láàárín Cut, tàbí tí wáyà bá yọ, o kò ní mọ èyí tó dé àti èyí tí kò dé. Bí o bá kó fódà kan tán, fi Properties wo iye fáìlì tó wà nínú méjèèjì.

Èyí tí n kò fẹ́ kí o gbàgbé, ìwọ tí o ń kọ Yorùbá tó ní àmì: gbogbo ọ̀rọ̀ àti orúkọ tí o ti kọ́ Word pé kó má fi ìlà pupa sí lábẹ́ wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ CUSTOM.DIC. Inú Roaming náà ló wà, nínú Microsoft, nínú UProof. Gbogbo orúkọ àwọn ìlú àti àwọn oríkì tí o tẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tí o ti ń kọ ìwé ìtàn ìdílé yín ló wà nínú fáìlì kékeré yẹn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá rẹ náà kò ní tẹ̀lé ọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ètò kíbọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ Keyman lo fi ń kọ ọ́, tún un fi sí i.

Tí ẹ̀rọ tuntun náà bá ti dé, wá BitLocker recovery key rẹ̀, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí hard drive tí Windows tì pa, nínú àkáǹtì Microsoft rẹ. Nọ́ńbà 48 ni. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fi sí ibi tí ẹ ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ Windows 11 ìsinsìnyí ló ń ti hard drive pa láì sọ fún ẹni tó ni ín, bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́, èmi tàbí ẹlòmíràn kò ní lè ṣí i láìsí nọ́ńbà yẹn. Ṣàyẹ̀wò ti àtijọ́ náà, bóyá òun náà wà ní títì.

O ní o fẹ́ fún ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ó dára, ṣùgbọ́n jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ títí ìwọ àti Ìbùkún á fi gbá gbogbo géèmù yín lórí tuntun, kì í ṣe kí ẹ kàn wò ó pé fódà wà. Lẹ́yìn náà, lo Reset this PC, mú Remove everything, kí o sì yàn pé kó nu drive náà mọ́. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ bá ti lò níbẹ̀ tí ẹ sì jù sílẹ̀, ó lè bá wa ní Ìkẹjà. Mo ti ra tòkunbọ̀ tí fọ́tò ìgbéyàwó oníǹkan àti ìwé owó oṣù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ digbí. Mo pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó máa rà á ló máa pa wọ́n rẹ́.

Bí external drive náà bá ti dé, pè mí lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin ọ̀sán tìrẹ. Mo ti máa ń ti ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Fi orúkọ gbogbo géèmù tó wà lórí ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, kí n ti mọ ibi tí kálukú wọn ń kó nǹkan sí, kí o sì bi Ìbùkún léèrè bóyá Java ni tirẹ̀ tàbí Bedrock. Ó dá mi lójú pé ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Dáre