Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí tí Owó Ìjókòó fi Lé

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín o. Láti oṣù tó ń bọ̀, owó ìjókòó ìgbaninímọ̀ràn oníwákàtí kan yóò kúrò ní ₦8,000, yóò di ₦12,000. A ó sì dá ìjókòó alẹ́, ìyẹn lẹ́yìn aago mẹ́fà, dúró ná. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan á ti máa ru bí wọ́n ṣe ń ka èyí. Mo sì ti gbọ́ ọ pé, "Ọ̀rọ̀ ẹnu náà la wá ń san irú owó yìí fún?" Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n kàn lẹ ìwé pélébé mọ́ ilẹ̀kùn.

Iná ló fà á. Àdúgbò wa ní Ìbàdàn níbí wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwa tó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Lóṣù tó tẹ̀lé e wọ́n dín in sí ₦206.80, kí lèyí fẹ́ ṣe? Ẹ lè ní ká pa iná ká tan jẹnẹrétọ̀. Bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 fò kọjá ₦480 nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sì dúró síbẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní owó epo. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú kì í pariwo sọ ọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń bú ní ẹ̀yìn fèrèsé, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é tún sọ. A tún gbọ́dọ̀ ti fèrèsé kí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà gbọ́ àṣírí ẹlòmíì. Bí a bá sì ti tì í, fáànù gbọ́dọ̀ máa yí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òógùn ni a ó máa nù. Torí ẹ̀ la ṣe ra inverter àti bátìrì, lẹ́yìn tí náírà ti já wálẹ̀. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹ ń bá nínú yàrá yẹn, owó ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀hún náà, mo kọ́ ọ ni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n á mú ọmọ tó jà wá bá mi pé kí n nà án. Èmi á ní kó jókòó, kó mu omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó lù kọ́ ló ń bínú sí, ilé ni wàhálà ti ń bọ̀. Ìyẹn ló gbé mi lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lọ kọ́ nípa ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọ.

N kì í sọ fún ẹni tó ń bínú pé kó má bínú. Ìwé la jọ máa ń ṣí, a ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà. "Mo kí ọ̀gá mi láàárọ̀, wọn ò dáhùn." Kí lọkàn yín sọ? "Pé wọ́n fẹ́ lé mi." Kí ló ṣe ara yín? "Àyà mi ń já, ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Kí lẹ wá ṣe? "Mo délé, mo na ọmọ mi." Ìlà kejì yẹn, ohun tí ọkàn sọ, la máa ń padà sí: kí ló tún lè fà á tí ọ̀gá ò fi dáhùn? Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì, Albert Ellis àti Aaron Beck, ló la irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti bí ọdún 1955 wá. Bí ara bá ti gbóná jù láti ronú, èémí la ó kọ́kọ́ mú: ẹ kà dé mẹ́rin bí ẹ bá ń fà á sínú, ẹ kà dé mẹ́fà bí ẹ bá ń mí jáde. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ là ń ṣe é tó ń mọ́ni lára.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba oògùn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta la máa ń darí rẹ̀ sí. Ní Aró yìí náà, láti ọdún 1954, ni dókítà ọpọlọ Adeoye Lambo ti ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo gba ọgbọ́n yẹn gbọ́ gan-an. Torí náà, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí tó bá bá yín wá jókòó, ìyẹn ò yí padà.

Ẹni tó ti san owó sílẹ̀, iye àtijọ́ la ó fi parí tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì máa san ₦8,000 ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tó ń wá lálẹ́, àárọ̀ Sátidé ti ṣí fún yín. Bí kò bá ṣeé san lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ fún akọ̀wé wa, a ó pín in sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó dá ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ dúró láìsọ fún wa.

Olùdámọ̀ràn yín,
Ìbàdàn