Ẹ̀sùn: Ẹ wá parí iṣẹ́ eku pípa tí ẹ pa tì lórí àjà ilé mi, tàbí kí ẹ dá owó mi padà

Ẹlẹ́yẹlé,
Ilé-Ifẹ̀.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn òṣìṣẹ́ yín mọ̀ mí dáadáa, nítorí mo ti pè wọ́n títí ohùn mi fi sú wọn. Iṣẹ́ tí mo gbé fún yín àti owó tí mo san wà nínú ìwé yín, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, n kò ní máa tún un sọ. Ìwà tí wọ́n ń hù sí mi láti ìgbà tí owó ti wọ àpò yín ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yín kó oògùn sórí àjà, wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan àwọn á padà wá kó òkú eku, àwọn á sì dí àwọn ihò tó wà láàárín páànù àti ògiri. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá. Mo pè, wọ́n ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, wọ́n ní ọkọ̀ bàjẹ́. Ọkọ̀ ṣe tán, wọ́n ní ẹni tó ń mójú tó Ifẹ̀ ti lọ sí Iléṣà. Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní Sábó, wọ́n ní kí n jókòó de ọ̀gá, mo jókòó títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó wò mí lójú.

Irú májèlé tí ẹ lò yẹn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì, ọjọ́ mélòó kan ló máa ń gbà kó tó pa eku. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní ẹ máa padà wá. Òkè yàrá ìyá mi ni àwọn eku náà kú sí. Òórùn ò jẹ́ ká jẹun nínú ilé. Nígbà tó yá, ìdin ń já bọ́ láti àjà sórí ibùsùn obìnrin arúgbó tí kò lè dá dìde. Pálọ̀ ni ìyá mi ń sùn báyìí.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù yín nìyí. Ó ní, "Màmá, kò sílé tí kò léku. Ẹ lọ ra ọ̀tápìápìá kí ẹ fọ́n ọn sókè." Oògùn kòkòrò! Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta dichlorvos, irú oògùn tó máa ń wà nínú ọ̀tápìápìá, nínú ìgò kékeré mọ́ nítorí jàǹbá tó ń ṣe, ilé iṣẹ́ tó ń gbowó pa eku ló wá ní kí n lọ fọ́n ọn sókè orí ìyá mi. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Kí lo fẹ́ bá ọ̀gá sọ? Ṣé ìwọ nìkan ni kọ́sítọ́mà?" Ó sì pa fóònù. Ọmọ tí mo lè bí! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju òórùn inú ilé lọ.

Kì í ṣe ìjáfara lásán lẹ ṣe. Èkúté ilé ò lóyún ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi ń bímọ, ihò tí pẹ́ńsùlù lè wọ̀ sì tó ọmọ èkúté wọlé. Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà, wọ́n ń sun igbó lẹ́yìn ilé wa, ilé ni eku ń sá bọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ní ọ̀la, àwọn mìíràn ti wọlé, owó tí mo san ti ṣòfò nìyẹn. Mo tún ń gbọ́ ìròyìn ibà Lassa láti Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó o ran èèyàn. N kò sọ pé ti ilé mi ní in, ṣùgbọ́n mo ti da gàrí àti èlùbọ́ nù, nítorí ìtọ̀ wọn ń kán láti òkè.

Mo fún yín ní ọjọ́ méje. Ẹ wá kó òkú eku, ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin àti sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò náà. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ bá yín wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, lójú ìyá mi. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dá gbogbo owó mi padà.

Bí ọjọ́ méje bá kọjá, mo ń lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń lò ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹni tó gba iṣẹ́ ṣe é lásìkò, kó ṣe é dáadáa. Màá tún ka lẹ́tà yìí sétí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Àwọn kan nínú wọn ti ń béèrè nọ́ńbà yín lọ́wọ́ mi, n kò tíì fún wọn.

Ẹ má pè mí láti sọ pé ẹ ń bọ̀ lọ́la. Mo ti fi ẹ̀dà rìsíìtì náà, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwòrán àwọn ihò náà sínú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ẹlẹ́yẹlé.