Kí o tó tẹ kakulétọ̀

Mókọ́lá, Ìbàdàn.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara gbogbo wa le nílé. Mo gbọ́ pé òfin sáìnì lẹ wà báyìí ní kíláàsì, ni mo ṣe ní kí n tètè kọ̀wé sí ẹ. Òfin náà ò le; ibi tí wọ́n ti ń lò ó sódì ló pọ̀.

Nínú onígun-mẹ́ta yòówù, bí o bá fi sáìnì igun kan (nọ́ńbà tí bọ́tìnnì sin orí kakulétọ̀ ń fún igun náà) pín ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, iye kan náà ni wàá rí ní igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

a/sin A = b/sin B = c/sin C

Ẹ̀gbẹ́ a ò kan igun A rárá, òdìkejì rẹ̀ ló wà. Nítorí náà, kọ́kọ́ wá igun kan tí o mọ̀, tí o sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i. Bí kò bá sí irú ẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín wọn ni wọ́n fún ẹ, tàbí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta láìsí igun, òfin kósáìnì ló ni ìyẹn.

Ká ní o dúró sí ojú A ní Dùgbẹ̀, o ń wo Ilé Kòkó. O rin mítà 120 lọ tààrà dé B. Igun tó wà láàárín ìlà AB àti Ilé Kòkó jẹ́ 62° ní A, 71° ní B. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ti sáré fi sin 62° pín 120. Rárá o! C, ìyẹn Ilé Kòkó fúnra rẹ̀, ni 120 kọjú sí, C sì jẹ́ 180 − 62 − 71 = 47°. Fi sin 47° (0.7314) pín 120, wàá rí 164.08. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú sin 71°, AC jẹ́ mítà 155.1, pẹ̀lú sin 62°, BC jẹ́ 144.9. Bí o bá gé 164.08 sí 164 lójú ọ̀nà, BC á di 144.8. Ìparí ni kí o ti máa gé e.

Tẹ sin 30 lórí kakulétọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. 0.5 ló yẹ kó jáde. Bó bá gbé −0.988 jáde, rédíánì ló wà, ìyẹn ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń wọn igun. Dá a padà sí dígírì.

Ibi tí àwọn tó mọ ìṣirò gan-an ti ń ṣubú nìyí: A = 40°, a = 7 cm, b = 10 cm. sin B = 10 × 0.6428 ÷ 7 = 0.9183. Kakulétọ̀ á ní 66.7°, á sì dákẹ́. Kò ní sọ fún ẹ pé sáìnì 113.3° náà jẹ́ 0.9183, torí igun méjì tó bá para pọ̀ di 180°, sáìnì kan náà ni wọ́n ní. Ro 113.3 pọ̀ mọ́ 40, ó jẹ́ 153.3; ó ṣì ku 26.7° fún C. Onígun-mẹ́ta méjì ló wà níbẹ̀ nìyẹn: c jẹ́ 10.43 cm nínú ọ̀kan, 4.89 cm nínú èkejì. Ẹni tó bá kọ ẹyọ kan ti ju máàkì nù.

Yà á kí o fojú rí i. Fa ìlà gbọọrọ, gbé 40° dúró ní A, wọn 10 cm lórí ẹsẹ̀ igun náà dé C. La kọ́ńpáàsì sí 7 cm, gún un sí C, kí o yí i: pẹ́ńsù á gé ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá là á sí 6, kò ní kan ìlà, torí 10 × sin 40° = 6.43 cm ló wà láàárín C àti ìlà náà. Kakulétọ̀ á kọ Math ERROR. Kò bàjẹ́ o, onígun-mẹ́ta náà ni kò sí. Bí o bá là á sí 12, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa gé e níwájú A, torí B kejì jẹ́ 147.6°, tó bá sì pọ̀ mọ́ 40 ó ti kọjá 180.

Ti bíárìn, ìyẹn igun tí a wọ̀n láti àríwá lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, fa ìlà àríwá sí gbogbo ojú tí o bá dúró sí. Nọ́ńbà bíárìn kọ́ ni igun inú onígun-mẹ́ta. Ìwọ lo máa yọ igun náà jáde.

Ṣe èyí kí Sátidé tó dé: A = 35°, a = 8 cm, b = 11 cm. Mo fẹ́ rí ojú abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì nínú ìwé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.